Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ya fótò ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò?

Ọmọ_Owé:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbà ni mo wà, tíṣà ni mí. Ó ti tó ọdún méjì tí ilẹ̀kùn ti wọ̀ mí lójú, ibi yòówù kí n lọ, ìgbéyàwó o, òkú o, ìpàdé ìdílé o, kí n tó jókòó màá ti wo ilẹ̀kùn ilé yẹn pé irú igi wo nìyí, ta ló gbẹ́ ẹ, kí ló dé tí wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé tí fèrèsé sì jẹ́ búlúù. Fótò wọn ti ń lọ sí irinwó lórí fóònù mi, àmọ́ èyí tó dáa nínú wọn ò pé ogún. Àwọn kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan fẹ̀ nísàlẹ̀ wọ́n sì há lókè bíi pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, òmíràn òjìji páànù ti gé e sí méjì, òkè dúdú kirikiri, ìsàlẹ̀ funfun báláú.

Ohun tó jẹ́ kí n bọ́ síbí ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Dar es Salaam, ní Tanzania, mo ń lọ kí i lóṣù kẹjọ tí ilé ìwé bá ti gba họ́lídè, a sì ti jọ sọ ọ́ pé a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Zanzibar fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ ló ń sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò láfiwé. Mi ò fẹ́ dé irú ibẹ̀ kí n wá máa ya ràdàràdà. Mo fẹ́ fi ilẹ̀kùn ilé wa kọ́wọ́ ná, láti Kàbà lọ dé Ẹ̀gbẹ̀. Fóònù nìkan ni mo ní, mi ò ní kámẹ́rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ìjùmú_Nílé:
Ọ̀kun o àǹtí. Fóònù tó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀kùn kì í sáré, kì í ṣẹ́jú, ó ń dúró dè yín níbẹ̀ ni.

Ìdí tó fi ń há lókè ni pé ẹ súnmọ́ ọn jù, ẹ wá gbé orí fóònù sẹ́yìn kó lè rí òkè. Tí fóònù bá ti dagun báyẹn, ìlà ilẹ̀kùn méjèèjì á máa lọ pàdé ara wọn lókè. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ fà sẹ́yìn dáadáa, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá fi súùmù fà á mọ́ra, tí fóònù yín bá ní 2x ẹ lo 2x. Ẹ má fọwọ́ kan 0.5 yẹn rárá fún ilẹ̀kùn, òun ló ń jẹ́ kó tẹ̀ bí ọsàn. Ẹ dúró sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sí ibi tó bá ìdajì gíga ilẹ̀kùn dọ́gba. Fún ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ tó kúrú, ìyẹn máa ń jẹ́ kéèyàn tẹ orúnkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú sẹ́tìńsì kámẹ́rà, ẹ tan àwọn ìlà tó máa ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, ẹ fi ìlà yẹn bá òpó ilẹ̀kùn mu kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣì tẹ̀ díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti ń gé fótò lórí fóònù ní ibi tí wọ́n ti ń na ìlà tó tẹ̀, ó wà níbẹ̀, ẹ wá a dáadáa. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ fi àyè sílẹ̀ yípo ilẹ̀kùn nígbà tẹ́ ẹ ń yà á, nítorí tẹ́ ẹ bá ń nà án á jẹ díẹ̀ níbi igun.

Sisí_Mọ́pà:
Òjìji páànù yẹn, ọ̀sán gangan lẹ lọ. Ilé wa níbí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, tóòrùn bá ti dé àtàrí báyìí òjìji òrùlé á já lu ilẹ̀kùn ni, kò sí fóònù tó lè tún un ṣe. Ẹ lọ ní àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá kọ́kọ́ wo ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí, èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn àárọ̀ ni tiẹ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni tiẹ̀, mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọ́ sí kí n má bàa lọ lẹ́ẹ̀mejì lásán.

Ìgbà òjò yìí gan-an dáa. Tójú ọ̀run bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ á kárí, kò ní sí òjìji, àwọ̀ ọ̀dà á sì jinlẹ̀, pàápàá tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ògiri amọ̀ ṣì tutù. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ńkọ́, eruku á jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀, mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Àfi ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ nǹkan sí lára o, ìyẹn yàtọ̀. Ìyẹn fẹ́ oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, kí òjìji kéékèèké lè bọ́ sínú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Tójú ọjọ́ bá ṣú ère á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n yà á sójú bébà.

Ẹ sì nu lẹ́ǹsì! Òróró ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba fótò wa jẹ́.

Bàbá_Lọ́kọ́ja:
Ọmọ mi, ọ̀kun o. Gbogbo èyí tí wọ́n sọ ló dáa, àmọ́ èmi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kó o tó gbé fóònù sókè, kí àgò. "Àgò onílé o." Tí wọ́n bá dá ọ lóhùn, kí wọn, sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, kó o tó wá sọ pé ilẹ̀kùn yín ló wù mí. Ilẹ̀kùn kì í ṣe òkúta tó wà létí ọ̀nà, ojú ilé onílé ni. Mo ti ya ilẹ̀kùn láti ìgbà tí a ṣì ń lo fíìmù, mo lè ka iye ẹni tó kọ̀ fún mi lórí ìka, àmọ́ gbogbo wọn pátá ló jẹ́ ibi tí mo ti yà á ná kí n tó kí wọn.

Ààfin, lọ bá àwọn ìjòyè tàbí ẹni tó ń gba àlejò, sọ ohun tó o bá wá, kó o mú nǹkan dání. Ilé tí wọ́n ń kó eégún sí, ilé òrìṣà, má yà á o, àní kó o wà lójú ọ̀nà. Béèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò, wọ́n á sọ fún ọ pé ìwọ̀nyí dáa, tọ̀hún má ṣe dé bẹ̀. Ìwọ tó o jẹ́ obìnrin, má fi tìẹ ṣàwàdà rárá.

Ìkejì, géètì ìjọba àti ti àwọn agbófinró. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo rí géètì onírin kan tó ti dípẹtà dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́, mo kàn yà á láti òdìkejì títì, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ́fíìsì kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pa gbogbo fótò tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, tòun ti èyí tí mo yà níbi òkú ìyá mi. Títí di òní ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà tó o bá rí ẹ̀ṣọ́ níbì kan, fóònù á wà nínú báàgì.

Ìkẹta, ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ojúmọmọ ni kó o rìn, kó o ti wọlé kó tó di agogo márùn-ún, má sì dá nìkan lọ sí abúlé tó o ò mọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Owé:
Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ nípa ti fótò ìyá yín, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Màá máa kí àgò. Tí wọn ò bá sí nílé ńkọ́?

Bàbá_Lọ́kọ́ja:
Bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀. Tí kò bá sẹ́nì kankan, padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Káfíńtà_Ìsánlú:
Ẹ káàbọ̀ àǹtí. Èmi kì í ya fótò, igi ni mò ń gé, bàbá mi náà káfíńtà ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí mú mi lára débi pé mo gbọ́dọ̀ dá sí i.

Ẹ má ya ilẹ̀kùn láyà ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n là lára pákó kan ṣoṣo, kò ní híńjì, etí pákó yẹn náà ni wọ́n gbẹ́ yọ sókè àti sísàlẹ̀ bí ìka, ìka òkè á wọ inú àtẹ́rígbà, tìsàlẹ̀ á wọ inú ihò nílẹ̀, orí ẹ̀ lá máa yí. Ẹ ya ìka yẹn. Ẹ ya ibi tó ti fi ọjọ́ tó pẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé. Ẹ ya ibi tọ́wọ́ ti ń dì í mú láti ìgbà ọjọ́ aláyé, igi ibẹ̀ máa ń dúdú, á máa dán. Tí híńjì bá wà, ẹ ya híńjì, ti alágbẹ̀dẹ yàtọ̀ sí ti ọjà, ti alágbẹ̀dẹ ojú òòlù á wà lára ẹ̀. Ẹ ya àgádágodo. Ìyẹn ni èmi á fi mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn pẹ́ tàbí kò pẹ́, kì í ṣe ọ̀dà, ọ̀dà ọdún tó kọjá lè wà lórí igi tó ti lo ọgọ́rin ọdún.

Ní ti oníṣẹ́ ọnà, ẹ̀yin èèyàn ń sọ Zanzibar, ó dáa, àmọ́ láti Ẹ̀gbẹ̀ sí Ọ̀sì tó wà ní Kwara kò jìnnà rárá, ibẹ̀ sì ni Àreògún ti wá, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó máa ń pín in ní ìpele ìpele láti òkè délẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń ṣe tiwọn, ẹlẹ́ṣin, ọdẹ, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń mu tábà. Ọmọ ẹ̀ Bámidélé, tí wọ́n ń pè ní Bándélé, òun ló kọ́ Lamidi Fakeye níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Lamidi yìí ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì inú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń lọ Ìbàdàn lè yà síbẹ̀. Ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ńkọ́, ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ní London ní 1924, kò padà wálé mọ́, British Museum, mùsíọ́ọ̀mù wọn, ló wà, àga ọba ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ère ara ẹ̀ yọ síta débi pé ẹ lè fọwọ́ gbá a mú. Ohun tí Sisí Mọ́pà ń sọ nípa oòrùn ẹ̀gbẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ẹfun tàbí òróró pa ilẹ̀kùn onílé kí ère lè hàn. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ba igi jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá fún mi pé kí n yọ ilẹ̀kùn ilé bàbá àwọn kúrò kí wẹ́dà lè fi onírin síbẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà, ààbò ni wọ́n ń wá. Àmọ́ èyí tí mo bá yọ, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn ilé, ìkán á jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi dáná. Àǹtí, ẹ yára yà wọ́n.

Sisí_Mọ́pà:
Ẹ gbọ́ bàbá mi káfíńtà. Mi ò mọ̀ pé ìka ló ń yí i. Mo ti ya bí i mẹ́ta tó rí bẹ́ẹ̀ tí mi ò wo ìdí wọn.

Bàbá_Lọ́kọ́ja:
Tiwa ní Lọ́kọ́ja níbí ẹ ó tún rí iṣẹ́ Nupe, láti Bídà. Tiwọn kì í yọ síta bíi ti Èkìtì, ó máa ń tẹ́, wàláà, bàtà, alángbá ni wọ́n ń gbẹ́ sí i. Ojú ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í ṣì í.

Yàgbà_Gidi:
Mo ti lọ Zanzibar fún iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìlú àtijọ́ yẹn Stone Town ni wọ́n ń pè é, UNESCO ti fi í sínú ìwé ibi àjogúnbá àgbáyé wọn láti 2000. Àwọn ọ̀nà inú ẹ̀ tóóró, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ méjèèjì ẹ ó kan ògiri méjèèjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn kò ní ṣeé ṣe. Ẹ gba f'Ọ́lọ́run, ẹ ya ìdajì, ẹ ya igun, ẹ ya àtẹ́rígbà nìkan, tàbí kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀nà fúnra ẹ̀ wọ inú fótò. Oòrùn náà kì í wọlé púpọ̀ àfi ọ̀sán, èyí tó já sí pé ọ̀sán ibẹ̀ ò burú bíi tiwa.

Oríṣi méjì tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀: èyí tí òkè ẹ̀ gún régé, ìyẹn ti àwọn Lárúbáwá, àti èyí tí òkè ẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ti àwọn ará Íńdíà. Wọ́n fi idẹ ṣóńṣó ṣóńṣó kan ara àwọn kan, àṣà Íńdíà ni, wọ́n ní níbẹ̀ nítorí erin ni, kó má bàa fi orí ti ilẹ̀kùn wọlé. Lára férémù ẹ ó rí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbẹ́, ẹja, òdòdó kan tó jọ òṣíbàtà, àtẹ́rígbà àwọn kan sì ní ẹsẹ Kùránì. Ààfin ńlá tí wọ́n ń pè ní Beit al-Ajaib, apá kan ẹ̀ wó ní ìparí 2020, kẹ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣe ìdí ìrìn àjò.

Oṣù kẹjọ dáa, òjò ńlá tiwọn láti March sí May ni. Ẹ wọṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, Mùsùlùmí ni ìlú yẹn. Ẹ má ya ìyá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà láìbéèrè.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù, ohun tí Bàbá sọ nípa àgò yẹn, àwọn náà ní in! Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà wọ́n á ké pé "Hodi!" onílé á dáhùn pé "Karibu". Tẹ́ ẹ bá rí àgbà, ẹ ní "Shikamoo", á dáhùn "Marahaba". Ọjọ́ kejì tí mo kọ́ ìyẹn, bàbá kan ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń dábùú ẹ̀ lóru hàn mí, mi ò bá tí rí i láéláé.

Ìjùmú_Nílé:
Ẹ̀yin èèyàn, mo ní èrò kan. Ká jọ ṣe máàpù, gbogbo ilẹ̀kùn àtijọ́ tó wà ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà, Mọ́pà, kí oníkálukú fi lokéṣọ̀n sí i, kí ẹni tó bá ń kọjá lè yà wò ó.

Káfíńtà_Ìsánlú:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é.

Àwọn tó ń ra ilẹ̀kùn gbígbẹ́ máa ń wá. Wọ́n á bá ọmọ ilé tí kò mọ nǹkan kan dúnàádúrà, tàbí kí wọ́n wá lóru. Tẹ́ ẹ bá fi máàpù lélẹ̀, ẹ ti bá wọn ṣe iṣẹ́ ìdajì.

Ìjùmú_Nílé:
Àmọ́ bá ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé ó wà rí? Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n ń fi dáná.

Bàbá_Lọ́kọ́ja:
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà àárín. Kọ orúkọ ìlú, má kọ àdúgbò, má kọ orúkọ ìdílé síta. Èyí tó kún rẹ́rẹ́, kó wà lọ́wọ́ ẹ àti lọ́wọ́ ìdílé náà. Kó o tó gbé fótò sórí ayélujára, lọ pa lokéṣọ̀n inú kámẹ́rà, fóònù máa ń kọ ọ́ sínú fótò láìsọ fún ọ. Ohun àtijọ́, òfin ò gbà kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, láti 1979 ni àjọ yẹn ti wà. Kí onílé mọ ìyẹn. Tẹ́nì kan bá wá fowó lọ̀ wọ́n, kí wọ́n ní ẹnu láti dá a lóhùn.

Ìjùmú_Nílé:
Ó dáa, mo gbà. Orúkọ ìlú nìkan.

Yàgbà_Gidi:
Ẹ má fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán o, ó máa ń fún un pa. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi "document". Kẹ́ ẹ sì gba ohùn onílé sílẹ̀ tó bá gbà, ìṣẹ́jú méjì péré, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, irú igi, ọdún tí wọ́n kọ́lé.

Ọmọ_Owé:
Ẹ kú àlááfíà o gbogbo ilé. Mo ti jáde lọ Sátidé àná, èmi àti àbúrò mi. Àwòrán mẹ́tàdínlógún péré ni mo yà láti àárọ̀ di agogo mẹ́rin ààbọ̀, tẹ́lẹ̀ màá ti ya ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá nínú wọn dáa! Ìlà gún. Mo fà sẹ́yìn débi pé mo wọ inú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti abúlé kan lápá Bùnú, mi ò ní sọ ibẹ̀. Mo kí àgò, ìyá àgbà kan dáhùn, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo sọ, ó ní òun mọ ìyá bàbá mi lọ́jà. Mo ní ilẹ̀kùn yín ló wù mí, mà. Ó wò mí, ó ní èyí? Pákó lásán ni lóòótọ́, wọn ò gbẹ́ nǹkan kan sí i, ọ̀dà ewé ti ṣí lára ẹ̀. Mo yà á níwájú, mo ya ìka tó ń yí nísàlẹ̀ bí káfíńtà ṣe wí, mo dúpẹ́, mo fẹ́ máa lọ. Ó ní dúró, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kó o wá wò.

Ó ti ilẹ̀kùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, láti ibi ọ̀pá ìdábùú lọ sísàlẹ̀, ìlà ni, ìlà kéékèèké tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà, márùn-ún márùn-ún. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló fà á. Òfì ìdúró wà nínú yàrá yẹn nígbà ayé ẹ̀, aṣọ kan tó bá hun tán, ìlà kan. Kò mọ̀wé, ó ní ibẹ̀ ló ti ń mọ iye tó ti hun àti iye táwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Ìlà tí wọ́n bá ti san owó ẹ̀, á tún fi ọ̀bẹ dá a lábùú. Mo kà á dé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò. Méje ni kò ní àbùú.

Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ti ra ilẹ̀kùn onírin, ó wà nílẹ̀ níwájú ilé, wọ́n ń dúró de wẹ́dà ni. Káfíńtà Ìsánlú, tí mo bá bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣé ẹ lè bá wọn yọ ilẹ̀kùn yẹn láìjẹ́ kó fọ́, kí wọ́n gbé e sínú yàrá?

Káfíńtà_Ìsánlú:
Mò ń bọ̀. Mi ò gba owó. Ẹ sọ fún wọn kí wẹ́dà má fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Àtẹ́rígbà la máa kọ́kọ́ gbé sókè kí ìka lè jáde, tí wọ́n bá fi ipá fà á ìka á kán.

Sisí_Mọ́pà:
Omi bọ́ lójú mi. Ẹ tẹ fótò yẹn sí bébà fún ìyá o.

Ọmọ_Owé:
Mo ti ní kí wọ́n tẹ méjì ní Kàbà, 5x7, ti iwájú kan, ti ẹ̀yìn kan. Ọmọ ẹ̀ ti gbé fóònù, ó ní wẹ́dà lè dúró di Sátidé. Bàbá káfíńtà, tẹ́ ẹ bá dé Kàbà lágogo mẹ́jọ a ó jọ wọkọ̀ kan náà.